Ta Ló Ń San Gbèsè Wa?

"Lọ ra ilé." Bí ẹ bá ń fi kọ̀ǹpútà jẹun ní Èkó, tí ọjọ́ orí yín sì ti kọjá ọgbọ̀n, ó dá wa lójú pé wọ́n ti sọ ọ́ fún yín. Ìyá yín ti sọ ọ́, pásítọ̀ ti sọ ọ́, lèmọ́mù ti sọ ọ́, ọ̀rẹ́ yín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilẹ̀ náà ti sọ ọ́, tòun ti fọ́tò tó yà nínú igbó. Wọn ò sì parọ́. Náírà ń yọ́ bí òrí tó rí oòrùn. Dọ́là kan tí ìjọba ń ṣẹ́ ní nǹkan bí ₦460 kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé ti kọjá ₦1,500 kí oṣù kẹta ọdún 2024 tó wọlé. Ẹni tó fi owó pamọ́ sí báńkì ń wò ó bó ṣe ń rù. Ilé kì í rù bẹ́ẹ̀. Kéèyàn ní ilé, kó kó ayálégbé sínú rẹ̀, kí owó máa wọlé bó ṣe ń sùn: àlá gbogbo wa nìyẹn.

Àwa tí à ń sọ̀rọ̀ yìí, mẹ́fà ni wá. A jọ kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, níbi tí iná kì í ti í sí, tí a sì ń fi bírò kọ kódù sínú ìwé ìdánwò. Ẹnì kan nínú wa wà ní Manchester báyìí, àwọn yòókù wà láàrin Èkó àti Ìbàdàn. Ọdún mẹ́rin gbáko la fi dá àjọ, ₦70,000 lóṣooṣù lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, títí ó fi lé díẹ̀ ní ₦20 mílíọ̀nù. Ìgbà tí owó náà pé ni ejẹ́ǹtì kan mú ilé kan wá lọ́nà Ìkòròdú: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, fúláàtì mẹ́rin, ayálégbé wà nínú gbogbo rẹ̀, ₦60 mílíọ̀nù. Bí èèyàn ṣe ń ra ilé kọ́ la fẹ́ sọ níbí. YouTube kún fún ìyẹn. Ìbéèrè kan ló dìde láàrin wa nígbà tí à ń wá ₦40 mílíọ̀nù tó kù, kò sì tíì fi wá lọ́rùn sílẹ̀ títí di òní.

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Ayálégbé kọ̀ọ̀kan ń san ₦900,000 lọ́dún. Ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ ₦3,600,000, ìyẹn náírà mẹ́fà lórí ọgọ́rùn-ún náírà tí ilé náà tó. Kò burú. Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí báńkì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé èlé tirẹ̀ sókè dé 27.5%. Èlé yẹn ni àwọn báńkì yòókù ń wò kí wọ́n tó bu tiwọn lé e. Ká kàn pè é ní 30%. Èlé ọdún kan lórí ₦40 mílíọ̀nù jẹ́ ₦12 mílíọ̀nù. Èlé nìkan o. A ò tíì fọwọ́ kan owó gan-an. Gbogbo owó ilé tí à ń gbà kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta èlé yẹn.

Nínú iṣẹ́ wa, tí nǹkan bá pupa lójú ẹ̀rọ, nǹkan kan ti bàjẹ́ nìyẹn. Tó bá di àwọ̀ ewé, ó ti parí, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun. Ìwé ìṣirò tí a jọ ṣí sórí íntánẹ́ẹ̀tì pupa yòò. Ọ̀kan nínú wa bá tẹ ₦3,000,000 síbi tí ₦900,000 wà tẹ́lẹ̀. Àpótí náà di àwọ̀ ewé lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó sunkún nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀, kò sọ́mọ tí wọ́n yọ nílé ìwé. Nọ́ńbà kan ló kúrò, òmíràn bọ́ sí àyè rẹ̀. Ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ nínú wa ló wá béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wá máa san gbèsè yìí, ṣé àwa ni àbí àwọn?"

A ti máa ń rò pé ọ̀rọ̀ onílé dáadáa àti onílé burúkú, ọ̀rọ̀ ìwà ni. Tí onílé bá jẹ́ ọmọlúàbí, yóò tún òrùlé tó ń jò ṣe, yóò ní sùúrù fún ayálégbé tí owó oṣù rẹ̀ kò tètè dé, kò ní í yọ ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Èrò tiwa báyìí yàtọ̀. Ọ̀nà tí a gbà rí owó ra ilé ti pinnu irú onílé tí a máa jẹ́, kí a tó rí ojú ayálégbé kan ṣoṣo. Báńkì kì í béèrè bóyá èèyàn jẹ́ ọmọlúàbí. Oṣù ló ń kà. Ẹni tó fi owó èlé ra ilé, tó wá gbójú lé owó ilé láti fi san án, ti ta àánú rẹ̀ ṣíwájú. Ó lè jẹ́ èèyàn rere. Àánú náà ni kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ó wà ní báńkì, nínú fáìlì kan náà pẹ̀lú ìwé ilé.

Ọ̀rẹ́ wa tó wà ní Manchester sọ pé àwọn ará ibẹ̀ ti sọ nǹkan yìí di ètò. Láti ọdún 1996 ni àwọn báńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní irú owó yíyá kan tí wọ́n ń pè ní buy-to-let, fún ẹni tó fẹ́ ra ilé láti fi gba owó lọ́wọ́ ayálégbé. Báńkì á wo iye tí owó ilé náà jẹ́ kó tó yá èèyàn lówó. Tí èlé bá jẹ́ £100, wọ́n máa ń fẹ́ kí owó ilé tó £125, nígbà mìíràn £145. Ẹ kíyè sí i: báńkì ti sọ iye tó kéré jù tí ayálégbé gbọ́dọ̀ san, ayálégbé náà kò sí nínú yàrá tí wọ́n ti ń jíròrò. Ọ̀pọ̀ onílé níbẹ̀ ń san èlé nìkan, wọn ò fọwọ́ kan owó gan-an fún ọdún gbọọrọ. Àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀ náà ń fi ṣe fọ́rífọ́rí níbi ìnáwó: "Ayálégbé ló ń bá mi san owó ilé mi." Wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á mu ọtí sí i. Ó wá dà bíi pé ọgbọ́n ló jẹ́ pé ẹlòmíràn ń san ohun tí èèyàn jẹ.

Àwọn bàbá wa mọ nǹkan tó jọ ọ́. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe ni èlé. Owó gan-an á wà nílẹ̀ digbí, ì báà ṣe ọdún márùn-ún, ì báà ṣe ogún, títí wọn yóò fi san án. Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde lọ́dún 1921, ìjọba amúnisìn sì padà fòfin dè é. Kò sí ẹni tó yẹ kó máa fẹ́ kó padà wá. Àmọ́ ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kò sí nínú tiwa: ẹni tó jẹ gbèsè mọ̀ pé òun jẹ gbèsè. Ilé rẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń jáde. Ojú rẹ̀ ló fi ń wo ọmọ rẹ̀ tó ń gbé àdá lọ sóko olówó láàárọ̀. Nínú ìṣirò tiwa, àwa la yá owó, ẹlòmíràn ló ń lọ sóko. Obìnrin tó wà ní fúláàtì kejì, tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kò mọ báńkì wa, kò bá wa tọwọ́ bọ̀wé, kò jẹ nínú owó náà. Òun ló máa ṣe àṣekún iṣẹ́ alẹ́ kí àpótí kan lè di àwọ̀ ewé.

Ẹ má jẹ́ ká sọ àsọdùn ṣá. Ayálégbé kì í ṣe ìwọ̀fà. Ó ń rí nǹkan gbà: òrùlé, omi, ilẹ̀kùn tó ní kọ́kọ́rọ́, ó sì lè kó ẹrù rẹ̀ kúrò nígbà tó bá wù ú. Owó tó ń san fún nǹkan wọ̀nyẹn tọ́, èrè orí rẹ̀ náà sì tọ́. Ohun tí à ń sọ ni pé kí a pín in wò. ₦900,000 ni owó òrùlé lágbègbè yẹn. Òrùlé náà kò di tuntun, omi kò pọ̀ sí i, yàrá kò fẹ̀ sí i, owó rẹ̀ wá di ₦3,000,000. Kí ni ₦2,100,000 tó gorí rẹ̀? Àwa ò rí orúkọ mìíràn fún un ju owó ìwọ̀fà lọ.

Ẹ máa sọ pé ta ló máa san mílíọ̀nù mẹ́ta nírú àdúgbò yẹn? Òótọ́ lẹ sọ. Ejẹ́ǹtì náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ti ní ìdáhùn nílẹ̀. Ẹ lé wọn, ó ní. Ẹ fi POP sí òkè àjà, ẹ lẹ táìlì tuntun, ẹ ra ẹ̀rọ amúlétutù àti jẹnẹrétọ̀, ẹ sọ ọ́ di shortlet, ẹ máa gba owó lálaalẹ́. Bí ìyẹn ò bá sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gba owó ọdún méjì papọ̀ lọ́wọ́ àwọn tuntun. A ní òfin ìyálégbé Èkó ti ọdún 2011 sọ pé kò gbọdọ̀ ju ọdún kan lọ fún ayálégbé tuntun, pé ìtanràn ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ló wà fún ẹni tó bá rú u. Ó rẹ́rìn-ín. (Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà ni wọ́n yọ sílẹ̀ nínú òfin náà. Ìkòròdú kò sí lára wọn.) Ẹ̀rín yẹn ló ká wa lára ju ìmọ̀ràn rẹ̀ lọ.

Èkejì nínú àwíjàre ni pé tí àwa ò bá rà á, ẹlòmíràn á rà á, ẹni náà sì lè burú jù wá lọ. Àwíjàre yìí kì í tán. Ẹni tó ń ta oògùn ayédèrú náà lè sọ ọ́. Kò sọ fún wa bóyá ohun tí à ń ṣe dára. Ó kàn sọ pé a ò dá nìkan ṣe é. Ṣùgbọ́n a ò fẹ́ fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ náà, torí ó ní apá kan tó jẹ́ òtítọ́: ilé náà á ta, àwọn mẹ́rin yẹn á ní onílé tuntun, kíkọ̀ tiwa kò gbà wọ́n sílẹ̀. Ohun tí kíkọ̀ tiwa ṣe kò ju pé kì í ṣe ọwọ́ wa ni yóò ti wá. Àwọn kan nínú wa gbà pé ìyẹn tó. Àwọn kan gbà pé ìgbéraga ni, pé ọwọ́ mímọ́ kì í bo ilé. A ò tíì fẹnu kò lórí èyí.

Ìgbà kan wà tí bàbá onílé ń gbé nínú ilé tó fi gba owó. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló dàgbà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ní Mushin, ní Agége, ní Bẹẹrẹ: ojúlé mẹ́wàá tó dojú kọra, kànga kan, ilé ìdáná kan, bàbá onílé nínú yàrá iwájú pẹ̀lú rédíò rẹ̀. Bàbá náà lè le bí ojú ẹja. Ó lè pa iná mọ́ni lára, kó bú ọmọ ọlọ́mọ torí omi. Ṣùgbọ́n tí ìyàwó ayálégbé bá bímọ, ó mọ̀. Tí wọ́n bá dá ọkọ dúró níbi iṣẹ́, ó gbọ́ ìjà wọn lóru. Kò lè sọ pé òun ò rí i. Owó fẹ̀yìntì rẹ̀ ló fi kọ́ ilé náà, búlọ́ọ̀kù kan lẹ́yìn òmíràn, fún ogún ọdún, kò jẹ báńkì kankan ní kọ́bọ̀. Tó bá wù ú láti dúró dìgbà tí owó oṣù yóò fi wọlé, ó lè dúró. Àánú rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, bó fẹ́ lò ó, bó fẹ́ má lò ó.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, Yorùbá ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwa kò ní í gbé inú ilé náà. Ẹnì kan wà ní Manchester. Ejẹ́ǹtì ló máa dúró láàrin, owó á máa wọlé sórí fóònù, àwọn ayálégbé á mọ wá gẹ́gẹ́ bí orúkọ ilé iṣẹ́ kan lórí ìwé ẹ̀rí ìsanwó. Èyí wá jẹ́ ìṣòro tó kàn wá gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, torí iṣẹ́ wa gan-an ni pé kí a sọ èèyàn di ìlà kan nínú tábìlì kí ẹ̀rọ lè bá a ṣe. A mọ bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí kò wọ inú ìlà náà dáadáa, tí orúkọ rẹ̀ ní àmì ohùn, tí kò ní àdírẹ́sì, tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ kò pé, òun ni à ń pè ní ọ̀rọ̀ àwọn díẹ̀, tí a máa ń sọ pé ká fi í sílẹ̀ dìgbà mìíràn. Nínú ìwé ìṣirò ilé, ọ̀rọ̀ àwọn díẹ̀ yẹn ni ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

A wá dé ibi tí èrè gidi wà. Ẹni tó bá ra ilé ní Èkó mọ̀ pé owó ilé kọ́ ni òun ń dúró dè. Kí owó ilẹ̀ fò lòun ń retí. Ejẹ́ǹtì náà sọ ọ́ gbangba: ẹ má wo owó tó ń wọlé, ẹ wo ohun tí ilé náà máa tó lọ́dún mẹ́wàá sí i. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: kí ló ń gbé owó ilẹ̀ sókè? Ọkọ̀ ojú irin pupa tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èèyàn láti Agbádó dé Oyíngbó ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, owó gbogbo ìlú ni wọ́n fi ṣe é. Ẹni tó ní ilé nítòsí ibùdókọ̀ náà kò gbé ìrin kan lélẹ̀, ilé rẹ̀ sì gbówó lérí. Henry George, ará Amẹ́ríkà kan, kọ odidi ìwé lórí èyí lọ́dún 1879: ó ní gbogbo ará ìlú ló ń sọ ilẹ̀ di olówó gọbọi, nítorí náà ara gbogbo ìlú ló yẹ kí èrè náà padà sí. Àwọn olóko ilẹ̀ Yorùbá ti rí irú rẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ tí àlejò ń san fún onílẹ̀ kì í pọ̀ tẹ́lẹ̀, bí iṣu, bí epo díẹ̀, kó kàn lè hàn pé ilẹ̀ ní ẹni tó ni ín. Ìgbà tí kòkó dé, tí oko di owó, ni ọwọ́ onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Àlejò ló gbin igi, igi ló gbé owó ilẹ̀ sókè, àlejò náà ló tún ń san àfikún.

Ẹ wo Yaba. Ọdún 2011 ni CcHub ṣí sílẹ̀ ní òpópónà Herbert Macaulay. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kọ kódù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, títí Mark Zuckerberg fi fẹsẹ̀ rìn níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2016. Irú wa ni wọ́n kó wá síbẹ̀, ọ̀dọ́ tí owó oṣù rẹ̀ tó nǹkan, tí àwọn mìíràn nínú wọn ń gba dọ́là. Àwọn onílé kò fọ́jú. Yàrá tí ọmọ Yabatech tàbí ọmọ Yunifásítì Èkó máa ń gbé tẹ́lẹ̀ di ibi tí ó ń wò láti inú ọkọ̀ dánfó. Ẹni tó bá fi owó lé pé owó ilẹ̀ máa fò, ó fi owó lé pé irú ẹni tó wà nínú ilé rẹ̀ báyìí kò ní í lè gbé ibẹ̀ mọ́ láìpẹ́. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni? A ò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ nìyẹn, ó sì yẹ kí ẹni tó fẹ́ ṣe é fi ojú rẹ̀ rí i.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ilé wà náà kò yàtọ̀. Ìmọ̀ràn tí ẹ máa gbọ́ ni pé kí ẹ ra èyí tó wọ́n díẹ̀ níbi tó dára, tàbí èyí tó pọ̀ níbi tí kò dára, torí owó tó ń wọlé lórí èyí tí kò dára máa ń ga ju ti èkejì lọ tí ẹ bá fi wé iye tí ẹ rà á. Kí ló fà á tí ó fi ga? Torí pé ewu wà níbẹ̀, ayálégbé ló sì ń gbé inú ewu náà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún ní Ìbàdàn, ó gbé ilé, ó gbé èèyàn. Ẹni tí ilé rẹ̀ rì pàdánù owó. Ẹni tó sùn sínú rẹ̀ ló pàdánù ohun tó ju owó lọ. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, ilé kan wó ní Ìta Fáàjí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ilé ìwé àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀, ọmọ sì kú. Nítorí náà, nígbà tí ejẹ́ǹtì mìíràn mú wa lọ wo ilé alájà méjì kan tí òpó rẹ̀ ti sán, tó ní ọ̀dà lásán ló kù ú kù, ẹnu wa kò pẹ́ kò. Ọ̀dà kì í gbé ilé ró.

Báwo la wá ṣe ṣe é? Àwọn méjì nínú wa tó jẹ́ Mùsùlùmí ti sọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé àwọn kò ní í bá èlé dá nǹkan pọ̀, pé ríbà ni. A kọ́kọ́ rò pé ẹ̀sìn nìkan ló wà nínú rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣírò lọ, àwa mẹ́rin tó kù gba ọ̀nà tiwa dé ibi kan náà. Báńkì tí kì í gba èlé wà ní Nàìjíríà, Jaiz ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún 2012. Ìlànà kan wà nínú irú iṣẹ́ wọn tó wù wá: kí báńkì àti ẹni tó fẹ́ ra ilé jọ ni ín, kó máa ra ìpín báńkì díẹ̀díẹ̀. Tí ilé bá jó, àwọn méjèèjì ló jó. Nínú gbèsè èlé, ilé lè jó kí èlé má jó. Ibi tí ìyàtọ̀ wà nìyẹn, kì í ṣe nínú orúkọ Lárúbáwá tí wọ́n fún un. Tí ẹnì kan bá fi orúkọ náà bo èlé mọ́lẹ̀, èlé ṣì ni.

A fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Ìkòròdú sílẹ̀. Ilé ilẹ̀ kan tó ní fúláàtì méjì la ń rà, ₦23 mílíọ̀nù, lójú ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà títì ṣùgbọ́n tí omi kì í dúró níbẹ̀. Lọ́yà lọ yẹ ìwé rẹ̀ wò ní Alausa, sọ́fíyọ̀ lọ wo ilẹ̀. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Owó tó kù díẹ̀ káàtó, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ibi iṣẹ́ ẹnì kan nínú wa ló yá a, àwa mẹ́fà sì ń san án padà lóṣooṣù lára owó oṣù wa. A kọ ọ́ sílẹ̀ láàrin ara wa pé owó ilé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan gbèsè yẹn. Tí a ò bá lè san án lára ohun tí àwa fúnra wa ń ṣiṣẹ́ fún, a ò tíì tó ilé rà.

Àwọn ọ̀rẹ́ wa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Fúláàtì kọ̀ọ̀kan ń san ₦600,000, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,200,000 lọ́dún. Tí a bá pín in sí mẹ́fà, ₦200,000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí a tó tún pọ́ńpù ṣe. Lọ́dún 2024, ìwé owó ìjọba tó jẹ́ ti ọdún kan san ju 20% lọ. Tí a bá fi ₦20 mílíọ̀nù wa sí i, ₦4 mílíọ̀nù ni ìbá bí, a ò ní í bá ẹnikẹ́ni jà lórí omi. Wọ́n ní kí ló dé tí a fi ra ilé nígbà náà? Ìdáhùn wa kò dùn gbọ́: a fẹ́ ní ilé. A fẹ́ ohun tí kò ní í yọ́. A gbà láti gba díẹ̀, kí díẹ̀ náà jẹ́ tiwa ní tòótọ́. Ẹnì kan nínú wa tilẹ̀ ní kí a má pa á mọ́ pé ó ṣì ń retí kí ọ̀nà yẹn di ọ̀dà. Àwa náà ń retí rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù kí a tó fọwọ́ síwèé pẹ̀lú àwọn ayálégbé méjèèjì. Òfin 2011 ní ayálégbé tó ń sanwó lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó ní kó jáde, àyàfi tí àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Ìwé tí lọ́yà kọ wá fún wa sọ nǹkan mìíràn: oṣù kan. Ó ní bí gbogbo onílé ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé ayálégbé kì í kà á. Àwa mẹ́ta ní kí ó dá oṣù mẹ́fà padà. Àwọn mẹ́ta yòókù, tí ẹni tó béèrè ìbéèrè yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wà lára wọn, ní oṣù mẹ́fà pọ̀ jù fún ẹni tí kò san kọ́bọ̀, pé gbèsè ẹgbẹ́ náà kì í sinmi, pé ìyàwó wọn náà ń bímọ. Ó ní òun kò sọ nígbà yẹn pé kí àwa máa san gbèsè àwọn. A ti jókòó lé e lórí lẹ́ẹ̀mẹta. Lọ́yà ní kí a dá òun lóhùn kó tó di Jímọ̀; àlàfo ló wà níbi tí ó yẹ kí nọ́ńbà náà wà.